Máàkì Márùn-ún Tó Kù fún "Agboolé Wa"

"Ta ló gbẹ́ kànga tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná?" ẹ̀rọ tí à ń pè ní Òṣùwọ̀n béèrè. "Ẹ ní ìṣẹ́jú kan."

Látúndé na ìka sí gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, ó tún fà á padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa jókòó nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wa ara rẹ̀, kó máa bá a tọwọ́ bọ̀wé ní bodè. Ìbò ló mú un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ìbò bá mú gbọ́dọ̀ wá sí Ilé Ìwọ̀n wa, kó wá ka búlọ́ọ̀gù ẹni tí kò mọ̀ rí, kí n tó lè fún búlọ́ọ̀gù náà ní máàkì. Òǹkàwé àjèjì là ń pè é.

"N ò rí kànga o," ó ní. "Ilé ni mo rí."

Kò parọ́. Búlọ́ọ̀gù tí à ń wọ̀n, èyí tó ń jẹ́ Agboolé Wa, kò ní àpótí tí ènìyàn lè fi wá ọ̀rọ̀, kò sì to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ọjọ́. Àwòrán agboolé kan ló wà níbẹ̀, tí olóhun fọwọ́ ara rẹ̀ yà: ojúde, ọ̀ọ̀dẹ̀, iyàrá mẹ́sàn-án, ilé ìdáná, ẹ̀hìnkùlé. Bí o bá fẹ́ ka ohun kan, o ní láti mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí o lọ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ó nira fún àlejò, pé ọmọ ilé nìkan ló lè rìn ín láìkọsẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tún kéré, àwọ̀ ewé lórí àwọ̀ ọsàn, ojú ti ń ta mí.

Látúndé tẹ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìkejì kọjá, ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ti rí i?" mo bi í.

"Ẹ má dá mi dúró ná, Màdáámù. Ajá ti kó sínú ìkòkò."

Lójú ẹsẹ̀ ni Òṣùwọ̀n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òǹkàwé ti ṣìnà. Bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó sọnù àti ẹni tó jókòó tó ń gbádùn ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì sáwọn ọ̀gá nítorí rẹ̀, wọ́n sì fèsì lẹ́ẹ̀mejèèjì pé àwọn ti rí ìwé náà gbà.

Ìṣẹ́jú kọkànlá ni Látúndé tó gbójú sókè. "Agùntáṣọọ́lò ló gbẹ́ ẹ," ó ní, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé wọ́n jọ gbẹ́ ẹ ni. "Òun àti Eyínfúnjowó. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n lò. Nígbà tí omi wá rú, Agùntáṣọọ́lò ṣì wà nísàlẹ̀. Wọ́n ju okùn sí i, ó kọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wẹ̀ ná!"

"Agùntáṣọọ́lò kò sí nínú ìwé orúkọ," Òṣùwọ̀n dáhùn. "Kì í ṣe ènìyàn. Ìdáhùn kò yege."

"Kì í ṣe ènìyàn báwo? Ẹni tó gbẹ́ kànga!"

Olóhun búlọ́ọ̀gù wà lórí àga tó wà lẹ́yìn wa. Òfin gbà á láyè láti jókòó, kò gbà á láyè láti sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tó ń jẹ́ Ṣubúọlá Ọ̀kánlàwọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, kò sì sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo Látúndé bí ẹni tó gbé oúnjẹ fún àlejò tí àlejò náà sì ń jẹun dáadáa.

Nígbà tó di agogo mọ́kànlá, mo ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ti kíkọ, ó gba mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ogójì, èmi ni mo sì fún un. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, kì í ṣàlàyé ohun tí ojú lè rí. Àléébù rẹ̀ kan ni pé àárín ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ẹni tó gbà pé gbogbo ayé ti jókòó sọ́dọ̀ òun láti àná. Ní ti ìlò, Òṣùwọ̀n fún un ní mọ́kànlélógún nínú ogójì, nítorí Látúndé tó ṣìnà. Ogún tó kù jẹ́ ti alààyè tó bá wá jẹ́rìí pé òun wà nínú búlọ́ọ̀gù náà, kò sì rí ẹyọ kan gbà níbẹ̀.

Márùndínlọ́gọ́ta ni àpapọ̀ rẹ̀. Ọgọ́ta ni ààlà.

Mo dúró kí Látúndé jáde tán. Kò tètè jáde. Ó béèrè bóyá òun lè rí ibi tí ajá náà ti jáde nínú ìkòkò, mo ní kó lọ kà á nílé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá náà, ó ki ìyá náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Mọ́mì," mo ní, "máàkì márùn-ún ló kù."

"Ṣé kíkọ mi ni kò dára?"

"Kíkọ yín dára. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni. Bí ẹnìkan tí ẹ kọ nípa rẹ̀ bá wá síbí, tó tẹ àtàǹpàkò sí gíláàsì pé lóòótọ́ òun ni, máàkì márùn-ún nìyẹn. Ẹnìkan péré ti tó. Ẹ sọ orúkọ Agùntáṣọọ́lò fún mi, màá ránṣẹ́ sí i lónìí."

"Agùntáṣọọ́lò lorúkọ rẹ̀."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń béèrè, Mọ́mì."

"Ọkọ mi ni."

Mo wo ìwé mi. Àkọsílẹ̀ wa ní opó ni.

"Gbogbo ẹni tí mo bá nílé ọkọ mi, ọkọ mi ni wọ́n," ó ní, "ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo wọlé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni mo pín orúkọ fún gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, n kò la ẹnu pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ àbísọ. Ṣé ìwọ náà ní ilé ọkọ?"

"Mo ní, Mọ́mì."

"Kí lò ń pe àbúrò ọkọ rẹ?"

Nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn inú ìwé orúkọ ni mo fi pa á mọ́ sínú fóònù mi, n kò sì rántí ìgbà tí mo pè é kẹ́yìn.

"Bí n kò bá rí ẹnìkan, Mọ́mì, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò pa á rẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi kọ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Kò sì ní í ṣe é dá padà."

"Mo ní mo gbọ́. N kò bímọ, Fẹ̀yíntọlá. Mo ka orúkọ rẹ lára ilẹ̀kùn nígbà tí mò ń wọlé. N kò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ láyé ju ìyẹn lọ, nítorí náà má rò pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi orúkọ ìwé gbé ọkọ mi sínú rẹ̀, ẹni tó máa wà níbẹ̀ nígbà náà, n kò mọ̀ ọ́n."

Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì lọ kí oòrùn tó le.

N kò lè bínú sí òfin náà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa ènìyàn ń kọ ń gbé, nínú ẹ̀rọ tí omi ń mú tutù. Omi kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ ń dúró dè. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn mọ́, a ò ní í jẹ iṣu. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn búlọ́ọ̀gù kọ̀ọ̀kan ní ọdún méje-méje. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń dáko ní ìsàlẹ̀ yẹn.

Ohun tí mo wá ṣe kò lòdì sí òfin. Láti agogo méjìlá sí agogo mẹ́rin tí oòrùn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde, mo ṣí ìwé orúkọ, mo wá ilé Ọ̀kánlàwọ́n. Nínú ìran ọkọ ìyá yìí, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣì wà láàyè: Oyèwùmí, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tó ti ṣiṣẹ́ nídìí ìsédò ní ọ̀nà jíjìn kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì padà sílé ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Mo wo bó ṣe ga tó. Ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Ta ni kò mọ̀ pé ẹni gíga tí aṣọ ń bá mu ni ìyàwó ń pè ní Agùntáṣọọ́lò? Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi. Mo ní kí Òṣùwọ̀n so orúkọ méjèèjì pọ̀, kó sì ránṣẹ́ sí bàbá náà pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá nínú búlọ́ọ̀gù kan, kó wá tẹ àtàǹpàkò ní Ọjọ́bọ̀. Mo ránṣẹ́ sí ìyá náà pé kó wá jẹ́rìí. N kò sọ ohun tó fẹ́ wá jẹ́rìí sí. Orin wà lẹ́nu mi délé lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá náà ló kọ́kọ́ dé. Ó tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi wọlé, tó rí i, tó dúró.

"Ìyàwó, ṣé o dé?" bàbá náà ní.

"Ẹ káàárọ̀ o." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àga tó jìnnà jù lọ. Agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé, àwọn méjì péré ló sì kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó gbé kálukú wọn wá.

"Oyèwùmí Ọ̀kánlàwọ́n," Òṣùwọ̀n ní. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Agùntáṣọọ́lò, kí olóhun búlọ́ọ̀gù pè yín, kí ẹ dáhùn, kí ẹ sì tẹ àtàǹpàkò."

Ìyá náà ti dìde. "Ta ló ní òun ni?"

"Èmi ni, Mọ́mì," mo ní. "Mo rí i pé Bàbá ga, mo sì..."

"Agùntáṣọọ́lò ti..." ìyá náà ní.

Bàbá náà ló parí rẹ̀. "Àbúrò mi Oyèníran ni. Ó ti lọ. Ó di ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá ni Mọ́mì kọ ọ́ pé Agùntáṣọọ́lò ní òjò kò ní í rọ̀ títí oṣù yóò fi lé."

"Ó máa ń wí bẹ́ẹ̀," ìyá náà ní. "Ọdọọdún ló máa ń wí bẹ́ẹ̀."

"Eyínfúnjowó ńkọ́? Adúmáadán?"

Ìyá náà ní, "N kò kọ òkú kankan síbẹ̀. Kò sí òkú nínú ilé yẹn."

Ojú tì mí gan-an. Mọ́mì ti sọ fún mi pé ọmọ ọdún méje ni Agùntáṣọọ́lò nígbà tó wọlé wọn, n kò sì ronú pé Bàbá ju òun gan-an lọ. Òfin ní kí n ka ogójì nínú àkọsílẹ̀ búlọ́ọ̀gù kọ̀ọ̀kan, Òṣùwọ̀n ló sì máa ń ṣà wọ́n fún mi. Ogójì náà ni mo kà. Mo ti wọn búlọ́ọ̀gù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan níbi iṣẹ́ yìí, n kò sì ka èyí tó lé ogójì rí nínú ọ̀kankan.

"Èmi ka gbogbo rẹ̀," bàbá náà ní, bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí mò ń rò. "Igba ó lé mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo ka ìkejì ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Kànga yẹn, mò ń mu omi rẹ̀ ni, n kò gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa á rẹ́." Ó yíjú sí ìyá náà. "Ìyàwó, pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màá dáhùn, màá tẹ̀ ẹ́, ká sì máa lọ sílé."

Òṣùwọ̀n kì í ka ọ̀rọ̀ tí a bá ń bá ara wa sọ sí; bó bá tẹ̀ ẹ́, kò ní í mọ̀. Èmi yóò mọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti sọ pé rárá, irọ́ ni, kò ṣeé ṣe. N kò sọ ọ́. Kí n má parọ́, mo fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá náà la ẹnu. "Agùn..." Ó pa á dé. Ó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi. N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún yín."

"Kí lo wá fún èmi?" bàbá náà béèrè. Kò pariwo. "Gbogbo wọn lo fún lórúkọ. Ọdún méjìlá tí mo ti dé, 'ẹ gbọ́ ná' lò ń pè mí. Bí àwọn ará àdúgbò bá bi mí pé kí ni ìyàwó yín ń pè yín, n kò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Ẹ kò sí nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà."

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

"Ibi iṣẹ́ náà lẹ tún wà lọ́jọ́ tí mo ránṣẹ́ pè yín."

Bàbá náà wo bàtà rẹ̀. N kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Mo bi Òṣùwọ̀n bóyá a lè ka ọ̀rọ̀ tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe títí di agogo méjìlá, bí alààyè kan bá wà nínú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Mo ti pátákó ìkọ̀wé sọ́dọ̀ ìyá náà.

"Ẹ kọ nípa Bàbá, Mọ́mì. Gbólóhùn díẹ̀ ti tó."

"N kò ní ohun rere tí mo lè kọ."

"Òfin kò béèrè ohun rere."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Lẹ́yìn náà ó ṣí àwòrán agboolé rẹ̀. Ìka rẹ̀ kọjá ilé ìdáná, ó kọjá ẹ̀hìnkùlé, ó dúró lórí ojúde. Nígbà náà ni mo tó kíyè sí i pé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì kọ ohunkóhun sí ojúde. Ó ń tẹ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀.

*Ojúde níbí la tẹ́ ọkọ mi sí. Ó kú ní ọjọ́ Ajé. Mo ránṣẹ́ sí Apẹ́kótódé, ọkọ mi, tó tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó ní omi ń kún, òun kò lè fi ìsédò sílẹ̀. A dúró dè é ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni wọ́n bá wa gbé e wọ ilẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Apẹ́kótódé dé, ó gbé àpótí rẹ̀ sí iyàrá iwájú, kò bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mò ń dáná, mò ń bu tirẹ̀ sílẹ̀.*

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá náà ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti kà á tán.

"Kíkọ rẹ̀ mọ́," Òṣùwọ̀n ní. "Ẹnìkan wà nínú rẹ̀: Apẹ́kótódé. Ta ni?"

Iṣẹ́ mi ni kí n kìlọ̀ fún un, mo sì kìlọ̀. "Bàbá, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní í kúrò lára orúkọ yín mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wá orúkọ yín nínú ìwé, ohun tó máa kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́."

"Àwọn ọmọ mi náà?"

"Àwọn ọmọ yín, àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, gbogbo ayé."

Bàbá náà tún ọ̀rọ̀ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń mi ètè. Ìyá náà ń wo gíláàsì, kò wẹ̀yìn. Agogo ń lọ. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè fi ṣe.

"Ó ku ohun kan," bàbá náà ní.

"Kí ni mo fi sílẹ̀?"

"Omi náà ti fà ní ọjọ́ kejì. Ọ̀nà ti là. Ẹ̀rù ló bà mí láti rí òkú ẹ̀gbọ́n mi. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ìyá náà kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìyíjú, ó pe orúkọ náà jáde: "Apẹ́kótódé."

"Èmi nìyí," bàbá náà ní. Ó na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì.